Lámídì Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Béèrè ní Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì, mo ti dé o. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń bi mí léèrè pé báwo ni Ọ̀tà ṣe rí, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Ẹ bi mí léèrè gbogbo nǹkan tán, ẹ ò bi mí léèrè Lámídì. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé rẹ̀. Ojú ló ń tì yín. Ojú ti èmi náà títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà máa tún un sọ lójúlé-dójúlé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá, èmi ni Ìyá Ràṣí, aránṣọ ọ̀nà ọjà. Ọkọ mi ti kú, mo ti padà sílé bàbá mi láti ọjọ́ pípẹ́. Lámídì ni àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò bá ara rẹ̀ dàgbà. Ó lè pọn omi, ó lè ká aṣọ, ó sì mọ ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ni wọ́n. Kò lè ka ìwé, ẹ má sì rán an lọ ra nǹkan tó bá ní ṣéńjì nínú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mútíátù ni ìyàwó tó kéré jù nílé wa nígbà náà, ìyàwó ọmọ àbúrò bàbá mi. Ó lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, Lámídì bá a níbẹ̀, ó dì í mú, ó sì fọwọ́ kàn án níbi tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan obìnrin tí kò gbà fún un. Mútíátù pariwo. Àwọn ọ̀dọ́ ilé na Lámídì títí ojú rẹ̀ fi wú. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n pe Mútíátù, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Baálé wa wá yíjú sí mi, ó ní ọ̀kan nínú méjì ni: kí wọ́n mú Lámídì lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tí orí wọn dàrú, tàbí kí n mú un kúrò nínú agbo ilé, kó má sì padà wá títí yóò fi yí padà.

Èmi ní, "Bàbá, ọmọdé ni. Kò mọ ohun tó ṣe." Mo sọ ọ́ fún Baálé, mo sọ ọ́ fún ọkọ Mútíátù, mo sọ ọ́ fún Mútíátù fúnra rẹ̀. Ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ní Ọ̀tà ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà lọ́hùn-ún tó ń kọ́ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a sì gbéra.

Ṣàngó

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí èrò lọ́jọ́ ọjà wa, ẹ lọ dúró sí oríta Ṣàngó ní Ọ̀tà nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde nílé iṣẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé ń fọn fèrè, ọlọ́kadà ń gba àárín ẹsẹ̀ èèyàn kọjá, afẹ́fẹ́ apá kan ń rùn bí irin tó ń jó, apá kejì ń ta sánsán bí bísíkíìtì. Bí mo ṣe kúkú jẹ́ ará oko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tó bá kọjá: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Obìnrin kan tiẹ̀ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó rò pé gbájúẹ̀ ni mí.

Lámídì di etí ìró mi mú gírígírí. Ohun tó ń wò ni àwọn pátákó ńláńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ni, òmíràn tún ni, òmíràn tún tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí wa.

"Àǹtí, ṣé wọ́n fẹ́ dìbò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí àárẹ̀ ọ̀nà fi kúrò lára mi. Kò kúkú jìnnà sóòótọ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló rí wa níbi tí a ti ń bẹ̀rù títì. Kò kí wa, kò bi wá ní orúkọ. Ó kàn gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká sáré. Wọn kì í dúró fún èèyàn níbí o." Bó ṣe mú wa dé òdìkejì, ó ra omi inú ọ̀rá méjì fún wa, kí n tó ṣàdúrà fún un tán, ó ti wọ àárín èrò lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ará Ọ̀tà lè má kí ọ, kó sì ṣe ọ́ lóore. Tiwa nílé, nígbà mìíràn, ìkíni la máa ń fi pa oore jẹ.

Ìjòkó

Ìjòkó, àdúgbò kan ní Ọ̀tà, la wọ̀ sí, nílé ìyá àgbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Onílé. Ọmọ Àwórì ni. Ilé tuntun ló yí ilé rẹ̀ ká, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì ń gbé inú wọn. Ẹni tó bá dúró lọ́dọ̀ màmá yìí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, yóò gbọ́ pé ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ yẹn, oko ẹ̀gẹ́ bàbá òun ni tẹ́lẹ̀.

Obìnrin tí a tìtorí rẹ̀ wá ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ Lámídì pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà wá sílé. Nítorí náà, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Onílé. Ó wo Lámídì, ó wo ilẹ̀kùn ibi tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wà. Mo ti ń yíjú padà pẹ̀lú ẹrù wa.

"Àwọn ọmọbìnrin ń bẹ nínú ilé," ló wí. "Yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì ni màá fún yín, kò sì gbọdọ̀ kọjá kànga. Àwọn ọmọ mi náà, màá sọ fún wọn. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọbẹ̀ ẹja tútù ló gbé ka iwájú wa, pẹ̀lú ẹ̀bà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ata yẹn! Omi bọ́ lójú mi. Lámídì kò mọ ẹja í jẹ, egungun há a lọ́fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wàrà bíi pé ìdí agbo màlúù la wà. Láti ọjọ́ kejì, mo rí Màmá Onílé tó ń fi ìka yọ egungun ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e fún un. Ó ń yọ ọ́, ó ń kùn pé àwọn ará òkè ọ̀hún kò mọ nǹkan kan àfi iṣu. Bí ẹni tí kò jẹ mí ní gbèsè ìbátan kankan ṣe gba wá nìyẹn.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni gbohùngbohùn ń ké lápá ọ̀tún, lápá òsì, lẹ́yìnkùlé. Èmi tí mo jẹ́ mùsùlùmí máa ń kírun láàárín "Halelúyà" mẹ́ta. Màmá Onílé náà kì í jẹ́ kí n sinmi. "Ìyá Ràṣí, ẹ jẹ́ ká mú un lọ bá Dádì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀mí ni. Ọjọ́ mẹ́ta àwẹ̀ gbígbẹ péré." Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹni tí a wá bá.

Yàrá àwọn ọkùnrin

Màmá Ẹ̀bùn lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun, ṣùgbọ́n yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ìjòkó ni wọ́n yá a fún iṣẹ́ yìí. Àwòrán ọkọ̀ Nóà wà lára ògiri. Àwọn àga kéékèèké kún ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kó síta, tó sì lọ yá àga gidi. Ó ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n. Àga àgbàlagbà ni wọ́n máa jókòó lé."

Ọjọ́ tí a débẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Lámídì, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Lámídì bojú wẹ̀yìn kó lè rí àgbà tí wọ́n ń kí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó pè é ní "ẹ" rí. Nígbà tó yé e pé òun ni, ó rọra jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, bí ẹni tó wá síbi ìpàdé mọ́sálásí. Omi lé ròrò sí mi lójú.

Àwa ẹbí kì í wọlé. Abẹ́ igi máńgòrò la máa ń jókòó sí. Àwọn ọkùnrin bíi márùn-ún mìíràn wà nínú yàrá náà pẹ̀lú Lámídì, tí ọpọlọ tiwọn náà kò yá tó ti ẹgbẹ́ wọn, tí kálukú sì ti fọwọ́ kan ẹni tí kò yẹ tàbí tú aṣọ níbi tí kò yẹ. Láti ojú fèrèsé, mo máa ń rí Màmá Ẹ̀bùn tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Ibí yìí ni ìwọ wà. Ibí yìí ni ẹlòmíràn wà. Bí o bá fẹ́ kọjá ìlà, béèrè. Bó bá ní rárá ńkọ́? Wọ́n á fi ara wọn dánra wò, ọ̀kan á béèrè, èkejì á ní rárá, ẹni àkọ́kọ́ á sì padà sẹ́yìn. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tún un ṣe. Lámídì máa ń ṣe é fún mi nílé, kódà tó bá fẹ́ mu omi nínú ife mi.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn. Ó lọ́jọ́ tó bá jáde, tí kì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí bí ara ọkùnrin ṣe ń ṣe, àti ibi tí èèyàn ti lè dá wà kó sì ti ilẹ̀kùn. Ojú tì mí lábẹ́ máńgòrò. Èmi tí mo bí ọmọ, tí mo sì ń wọn àyà obìnrin lójoojúmọ́ ayé, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ara Lámídì ń béèrè ohun tí ara gbogbo ọkùnrin ń béèrè. A ti pè é lọ́mọdé títí a fi gbàgbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Ẹ̀bùn yọjú sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni Lámídì fẹ́ kí ẹ wá gbọ́ nǹkan."

Mo wọlé. Lámídì dúró níwájú àga rẹ̀, kò lè wò mí. Sọ́ńdè tó jókòó tì í, ọkùnrin gìrìwò kan tó máa ń ru ẹrù nílé iṣẹ́, gbá a lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́. "Lámídì, sọ ọ́ jàre. Mo sọ tèmi, mi ò kú."

Lámídì sọ ọ́. "Mo rí Ìyàwó níbi tó ti ń sá aṣọ. Ara mi ń ṣe bákan. Mo wẹ̀yìn wò. Kò sí ẹnì kankan. Mo dì í mú. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò fi í sílẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú bí mi. Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún wọn pé kò mọ ohun tó ń sọ, pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní èyí. Ṣùgbọ́n ó ti gbójú sókè. Oòógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì, ó sì ń wò mí bóyá màá ṣì jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní, "Mo gbọ́, Lámídì." Mo jáde lọ sunkún.

Màmá Ẹ̀bùn bá mi lábẹ́ igi. "Inú mi dùn lónìí," ó ní.

"Inú yín dùn kẹ̀!"

"Ìyá Ràṣí, ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe, kí lẹ fẹ́ ṣe fún un ju kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ lọ? Ẹni tó mọ̀ ló ṣeé kọ́." Ó jókòó tì mí. "Obìnrin náà ńkọ́? Kí ló sọ?"

"A ti bẹ̀ ẹ́, mà. Ó ti gbà."

"Mi ò béèrè bóyá ẹ bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní kí ló sọ?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìyàwó kékeré ilé, àgbà bíi mélòó kan ṣí fìlà níwájú rẹ̀, wọ́n ní nítorí Ọlọ́run, nítorí àwa. Ẹnu wo ló fẹ́ fi kọ̀? Nílẹ̀ wa, tí àgbà bá ti bẹ èèyàn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. A ti fi ẹ̀bẹ̀ bò ó lẹ́nu. Màmá Ẹ̀bùn ní a ṣì ń kọ́ Lámídì láti máa béèrè, ilé tó ti wá kò tíì kọ́ ọ. Ó ní òun kò ní sọ pé kí Lámídì padà sílé títí a ó fi bi Mútíátù léèrè, tí a ó sì gba ohunkóhun tó bá sọ.

Ìsìn

Kí n tó padà wálé, Màmá Onílé bẹ̀ mí títí èmi àti Lámídì fi tẹ̀ lé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ìborùn bo orí, mo ní kí Ọlọ́run tó mọ ọkàn má bínú. Gbọ̀ngàn náà tóbi débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè dá ojú ẹni tó wà níwájú mọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn ọmọ yunifásítì kún ibẹ̀, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ń pè mí ní "Mummy", ó ń fún mi ní àyè ìjókòó. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Àfi bí pásítọ̀ ṣe kígbe nínú gbohùngbohùn pé, "Hug your neighbour! Ẹ dì mọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹ sọ fún wọn pé ọdún yìí ni tiwa!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ń dì mọ́ ara wọn, ọkùnrin, obìnrin. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan la apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kọrí sọ́dọ̀ Lámídì. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi kò tó o.

Lámídì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ ṣé o," ó ní. "Mo ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni, mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé kí n juwọ́ sí yín?"

Ọmọbìnrin náà dúró. Ó wò ó, ó sì juwọ́ sí i. "Okay sir. God bless you, sir."

Lámídì náà juwọ́, ó sì jókòó. Màmá Onílé fún mi lọ́wọ́ pinpin, láti ọjọ́ náà kò tún dárúkọ àwẹ̀ gbígbẹ mọ́. Èmi bú sẹ́kún níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi, ọ̀kan sáré gbé ìnujú wá, ó bi mí bóyá mo fẹ́ fi ayé mi fún Jésù. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún tán ná.

Ìgbẹ́tì

Èmi nìkan ni mo bọ̀ wálé, mo fi Lámídì sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Onílé. Mi ò lọ sọ́dọ̀ Baálé. Ẹnu ọ̀nà yàrá Mútíátù ni mo gbà lọ. Ẹ mọ̀ pé èyí kò wọ́pọ̀: ọmọ ilé kì í lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó ilé, ìyàwó ló ń wá bá a. Bí mo ṣe wọlé, orúnkún mi ti ń kan ilẹ̀ kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Mo gbé àpótí, mo jókòó.

"Mútíátù, mi ò wá bẹ̀ ọ́. Mo wá bi ọ́ léèrè ni. Lámídì fẹ́ padà wálé. Kí ni ìwọ fẹ́?"

Ó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀, ó ká ọ̀kan, ó tú u, ó tún un ká.

"Àǹtí, ṣé ó mọ ohun tó ṣe?"

"Ó mọ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí mi. Ó ní òun wẹ̀yìn wò. Ó ní o ní kí òun fi ọ́ sílẹ̀, òun gbọ́, òun kò sì fi ọ́ sílẹ̀."

Ó fi aṣọ ọmọ náà bo ojú. Ẹkún tó sun kì í ṣe ti ọjọ́ kan. "Mo sọ fún gbogbo yín," ó ní. "Mo ní ó wẹ̀yìn wò. Ọkọ mi ní mò ń purọ́ mọ́ aláìmọ̀kan. Ẹ̀yin náà, Àǹtí, ẹ ní kò mọ nǹkan kan. Mo wá ń rò pé bóyá èmi ni orí mi ń dàrú."

Mo jókòó, mo jẹ́ kó sunkún tó. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú.

"Kó padà wá sí ìlú. Ìlú rẹ̀ ni, mi ò lè lé e. Ṣùgbọ́n inú agbo ilé yìí, rárá. Mi ò fẹ́ máa jí rí i. Kí ẹ sì kọ ọ́ síwèé, bó ṣe rí gan-an, kí ará ìlú lè mọ̀ pé mi ò purọ́."

Mo ní, "Ó dáa, Mútíátù. O ṣé." Mo ti kọ ọ́.

Mo gba inú ọgbà kọjá lọ sí yàrá mi, yàrá tí ìyá mi bí àwa méjèèjì sí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ Ọ̀tà láago. Màmá Onílé gbé fóònù fún un.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti bi í?"

"Mo ti bi í. Ó ní o lè padà sí Ìgbẹ́tì, ṣùgbọ́n o ò lè gbé nílé wa mọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni a máa kọ́ yàrá kan sí fún ọ."

Mo ń gbọ́ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé mo lè bi yín ní nǹkan?"

"Béèrè."

"Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣé ẹ máa bá mi gbé ibẹ̀? Ẹ lè ní rárá o."

Mo wo bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo wo ojú fèrèsé tí mo ti ń wo òkè wa láti kékeré.

"Màá bá ọ gbé ibẹ̀," mo ní, mo sì dìde lọ wá àpótí tí màá kó ẹrù mi sí.